Victor Anomah Ngu: Dókítà tí Ó Bá Jẹjẹrẹ Àwọn Ọmọdé Jà ní Ìbàdàn

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ó tọ́ kí á rántí àwọn tí wọ́n la ọ̀nà ìmọ̀ sílẹ̀ fún wa. A mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, nítorí a ti kọ ọ́ sára gbọ̀ngàn àti sára òpópónà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ti wọ ilé wa láìjẹ́ pé orúkọ wọn bá a wọlé. Ọ̀kan nínú irú wọn ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó kàwé ní Ìbàdàn, tí ó padà wá di oníṣẹ́-abẹ ní Ìbàdàn, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àrùn kan jà tí ó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú àti ní oko. A kọ ìtàn rẹ̀ síhìn-ín fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti fún ẹ̀yin òbí, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì gbó, àrùn tí ó bá jà náà kò sì tíì kúrò láàrin wa.

A bí Ngu ní ọdún 1926 ní ìlú Buea, ní ẹsẹ̀ òkè ńlá Kamẹrúùnù, òkè tí iná máa ń tú jáde láti inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ayé ìgbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso apá ibẹ̀, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ tí ó bá ti ibẹ̀ wá, tí ó sì fẹ́ kàwé jìnnà, fi máa ń kọjú sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ St Joseph's ní Sasse, lẹ́bàá Buea, ni Ngu lọ. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Kátólíìkì ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1939, òun sì ni ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àkọ́kọ́ ní gbogbo Gúúsù Kamẹrúùnù. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí kò tóbi. Láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá a sílẹ̀, ni ọmọkùnrin yìí ti jáde tí gbogbo ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ní 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ní Ẹléyẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí ilé-ìwòsàn àwọn ológun ti lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kò ju 104 lọ. Ngu wà lára àwọn tí ó kàwé níbẹ̀ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, láti 1948 títí di 1950. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó yàn. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò tíì ní ilé-ìwòsàn ńlá tirẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti fojú rí aláìsàn, tí ó sì lè fọwọ́ kan án. Nítorí náà wọ́n máa ń rán àwọn tí ó bá ti ka apá àkọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ parí rẹ̀. Báyìí ni Ngu ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti St Mary's, níbi tí ó wà láti 1951 di 1954.

Ilé-ìwòsàn St Mary's kì í ṣe ibi kékeré nínú ìtàn ìṣègùn. Níbẹ̀ ni Alexander Fleming ti ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928. Níbẹ̀ náà ni Almroth Wright ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ àwọn ènìyàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn gan-an ni ọmọ-ogun wà, àti pé iṣẹ́ dókítà kò mọ sí pípa kòkòrò nìkan: ó tún yẹ kí ó ran àwọn ọmọ-ogun náà lọ́wọ́. Ìmọ̀ nípa ìdáàbòbò ara ni èyí, òun sì ni ìmọ̀ tí Ngu lò títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ó kọ́ títí ó fi di ọ̀gá nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó gbé sọ́kàn ju abẹ lọ ni bí ara ṣe ń gba ara rẹ̀ là.

Nígbà tí ó padà sí Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn ńlá tí kò sí nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti dìde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Láti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni àwọn aláìsàn ti ń wá síbẹ̀, títí kan àwọn abúlé tí a mọ̀ dáadáa: láti ìhà Mọ́níyà àti Ìjàyè ní ọ̀nà Akínyẹlé, láti Lálúpọn àti Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá, àti láti Akànràn ní ọ̀nà Ọ̀nà-Àrà. Àwọn àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, olóko kòkó, olóko obì, àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ibà kì í wọ́n láàrin wọn. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń rá ni ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́, ibà a dé, a lọ, a tún padà.

Láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé dé, àwọn kan wà tí àìsàn wọn ṣàjèjì. Ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àgbọ̀n ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Eyín rẹ̀ yóò máa mì. Òbí yóò rò pé akokoro ni, wọn yóò yọ eyín kan, ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ kò ní san, ìwúlé náà yóò sì máa tóbi sí i. Nígbà mìíràn ojú ni yóò yọ síta. Nígbà mìíràn inú ni yóò wú. Àwọn kan á ti sín gbẹ́rẹ́ sí i lára, àwọn kan á ti fi àgbo wẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà jù ú lọ nínú ara ènìyàn: láàrin ọjọ́ kan sí méjì ó lè di ìlọ́po méjì bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ń ṣeré ní oṣù tí ó kọjá lè kú kí oṣù tuntun tó lé. Òun sì ni jẹjẹrẹ tí ó pọ̀ jù lọ láàrin àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ó ti ń ṣọṣẹ́. Ní 1957, ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, orílẹ̀-èdè Uganda, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland, rí ọmọkùnrin kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Burkitt, ojú kan ṣoṣo ni ó sì fi ń ríran, nítorí ó ti pàdánù ìkejì láti kékeré. Ní 1961, òun àti dókítà méjì wọ ọkọ̀ àlòkù, wọ́n rin ìrìn-àjò tí ó tó 10,000 máìlì láti ilé-ìwòsàn kan dé òmíràn ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń béèrè ibi tí àrùn náà wà àti ibi tí kò sí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ibi tí ilẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa, ni ó ti pọ̀. Kò sí lórí òkè tí ó tutù, kò sì sí ní ilẹ̀ gbígbẹ. Láìpẹ́, àwọn ènìyàn rí i pé ibi tí ibà ti pọ̀ náà ni èyí. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì àrùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí di òní ni wọ́n fi ń pe àrùn náà ní orúkọ Burkitt.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí òbí kò bá mọ̀ kò lè sá fún un. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò wú, yóò gbóná, yóò pọ́n, yóò sì máa dùn ún. Kì í ṣe ẹ̀gún náà ni ó ń ṣe gbogbo èyí. Àwọn ọmọ-ogun ara ni ó péjọ síbẹ̀ láti jà. Bí ogun bá parí, wíwú náà yóò lọ. Iná tí a dá sábẹ́ ìkòkò ni: bí oúnjẹ bá jinná tí a sì pa á, ó ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń jó lọ́sàn-án lóru láìdáwọ́ dúró, ìkòkò gan-an ni yóò fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ibà tí kò dáwọ́ dúró ṣe ń ṣe sí ara ọmọ. Ara yóò máa pe ọmọ-ogun jáde ní gbogbo ìgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i láìsinmi. Fáírọ́ọ̀sì tí a wí yìí, tí ó ń wọ ara ọmọ láti kékeré, kò ní jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kú ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n kú. Níbi tí ohun púpọ̀ bá ti ń pọ̀ kánkán, àṣìṣe kò ní ṣàì wáyé. Bí ó bá kan ibi tí ìjánu sẹ́ẹ̀lì kan wà, tí ìjánu náà sì já, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìdúró. Ohun tí a ń pè ní jẹjẹrẹ nìyẹn. Ìdáàbòbò ara tí ó yẹ kí ó gba ọmọ là ni àrùn náà gbà wọlé.

Irú àrùn báyìí kì í ṣe ohun tí abẹ nìkan lè borí. A kò lè gé gbogbo àgbọ̀n ọmọ kúrò. Nítorí náà ni Ngu ní Ìbàdàn, bí Burkitt ní Kampala, ṣe yí sí àwọn oògùn tuntun tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, bí cyclophosphamide àti methotrexate. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ìwúlé tí ó tóbi bí ọsàn ńlá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láàrin ọjọ́ mélòó kan, títí ojú ọmọ yóò fi padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Àwọn mìíràn tún ń ṣàìsàn padà, wọ́n sì ń kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò kú mọ́. Ní 1965, Ngu tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ọmọ tí ó ti yè fún ohun tí ó ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ó yẹ kí àwa tí a mọ oko ronú lórí ọdún méjì yìí dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kan yè fún ọdún méjì, ẹnìkan ní láti tún fojú rí ọmọ náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ní ayé ìgbà yẹn, kò sí fóònù alágbèéká. Ìyá ní láti kúrò lóko ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó rin ẹsẹ̀ dé ojú títì, kí ó dúró de ọkọ̀, kí ó sì san owó tí kò rọrùn láti rí, nítorí ọmọ tí kò dùn ún níbìkankan mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn náà ní láti mọ ibi tí aláìsàn wọn ń gbé, kí wọ́n sì kọ ọ́ pamọ́. Nínú ìmọ̀ tí gbogbo ayé jẹ àǹfààní rẹ̀, ọwọ́ àwọn ìyá aláìmọ̀wé wà níbẹ̀, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan.

Ọdún 1965 yìí kan náà ni Ngu di Ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ó sinmi. Èé ṣe tí oògùn tí kò pọ̀ fi wo ọmọ kan sàn pátápátá, nígbà tí ọmọ mìíràn gba oògùn púpọ̀ tí ó sì kú? Bí ó bá jẹ́ pé oògùn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ní 1967, ó tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi àlàyé rẹ̀ hàn níbẹ̀: pé ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń bá jẹjẹrẹ náà jà, pé oògùn dín ọ̀tá kù, àwọn ọmọ-ogun ara sì parí ogun náà. Lónìí ọ̀rọ̀ yìí lè dàbí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà pé ara lè mọ jẹjẹrẹ tirẹ̀ ní ọ̀tá. Láti inú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn ni ẹ̀rí yìí ti jáde.

Ní 1971, Ngu padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ láti di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yaoundé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1972, wọ́n fún òun, Burkitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ wọn lórí fífi oògùn wo jẹjẹrẹ. Ẹ̀bùn yìí wà lára àwọn tí ó ga jù lọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní gbogbo ayé. Iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà fún, láàrin wa ni ó ti ṣe é.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ipò ńlá tẹ̀ lé ara wọn. Láti 1974 di 1982 ni ó jẹ́ Gíwá Yunifásítì Yaoundé. Láti 1984 di 1988 ni ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ipò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ti Ngu kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kúrò nípò mínísítà, yàrá ìwádìí ni ó padà sí. Ó dá ilé-ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Yaoundé, ó sì pè é ní Ilé-Ìwòsàn Ìrètí.

Níbẹ̀ ni apá tí ó le jù nínú ìtàn rẹ̀ ti wáyé, kò sì yẹ kí á fi í pamọ́. Àrùn éèdì ti dé ní àkókò yìí, ó sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ bí ìgbà tí iná bá ń jó pápá. Ngu ronú pé fáírọ́ọ̀sì éèdì dà bí ọ̀tá tí ó wọ aṣọ onílé: awọ tí ó fi bora, láti ara sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni ó ti gé e, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ-ogun ara kò fi dá a mọ̀. Ó ní bí a bá bọ́ aṣọ yìí kúrò lára rẹ̀ tí a sì dá a padà sínú ara aláìsàn, ara yóò dá a mọ̀. Ó ṣe àjẹsára tí ó pè ní VANHIVAX láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó sì kéde pé àwọn kan rí ìwòsàn. Ìrètí àwọn ènìyàn ru sókè. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá tí ó fi aláìsàn wé aláìsàn, tí àwọn ẹlòmíràn sì tún ṣe láti mọ̀ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé kò gbà á ní ìwòsàn, àwọn oògùn mìíràn ni ó sì ń mú àwọn tí ó ní fáírọ́ọ̀sì éèdì wà láàyè lónìí.

A kò sọ èyí láti fi bu ẹni ńlá kù. A sọ ọ́ nítorí pé ọkùnrin kan náà ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ní Ìbàdàn, ó ka iye ọmọ tí ó yè, ó ka iye tí ó kú, ó kọ ọ́ síta kí àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dúró. Ní Yaoundé, ìrètí sáré ṣíwájú ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó ga tó pé kí á gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìwádìí, ìbá à gba ẹ̀bùn, ìbá à jẹ́ mínísítà, ìbá à jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Àwa tí a ń dúró lórí pẹpẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn mìíràn kì í sì í dé ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ngu jáde láyé ní oṣù Kẹfà ọdún 2011. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 2018, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn dá James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Japan lọ́lá, nítorí pé wọ́n fi hàn bí a ṣe lè tú ìjánu tí ó ń dá àwọn ọmọ-ogun ara dúró, kí wọ́n lè bá jẹjẹrẹ jà. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé ara lè gbógun ti jẹjẹrẹ, ni èyí tí oníṣẹ́-abẹ yìí ti ń tọ́ka sí ní Ìbàdàn ní ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí wa, àrùn náà ṣì wà. Bí àgbọ̀n ọmọ bá ń wú, bí eyín rẹ̀ bá ń mì ní àkókò tí kò yẹ kí ó mì, bí ojú rẹ̀ bá ń yọ síta, tàbí bí inú rẹ̀ bá ń wú láìnídìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì dúró de ìsọjí kan kí ó parí. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Àrùn tí ó ń yára pa ọmọ yìí wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó tètè ń gbọ́ oògùn jù, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá sì tètè gbé dé, tí wọ́n sì parí ìtọ́jú wọn, ni ó ń yè. Ìtọ́jú tí a dá dúró lágbedeméjì nítorí owó tàbí nítorí pé ìwúlé ti lọ ni ó ń pa púpọ̀. Bákan náà, nẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: bí ibà bá dín kù, iná inú ara yóò dín kù pẹ̀lú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde ẹlẹgbẹ́ wa, Ọlọ́run ti bù kún púpọ̀ nínú wa. Ní àjọ̀dún yìí, a ó dá owó fún ẹnu-ọ̀nà tuntun àti fún ọ̀dà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á béèrè bóyá yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ wa ń lò ní maikirosíkóòpù tí ó ríran. Ọmọ àlejò kan ti òkè òkun Calabar wá sí Ìbàdàn, ó gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wa san án padà. Bí ọmọ kan ní kíláàsì kẹta lónìí bá lè fojú rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ dígí, kí ó sì béèrè ìdí tí ọmọ kan fi yè tí èkejì fi kú, a ti san díẹ̀ nínú gbèsè náà.